Gíà Papert, ọlọ màmá àgbà

Ìlú Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti bí Seymour Papert, onímọ̀ ìṣirò tó ronú jinlẹ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, ní ọdún 1928. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ mọ́tò ti wọ̀ ọ́ lára, tí orúkọ àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ sì ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀ sí i, gíà, àwọn irin eléyín tó ń yí ara wọn, ni ó gbà á lọ́kàn jù lọ. Bí wọ́n bá ń kọ́ ọ ní ìsọdipúpọ̀ ní ilé ìwé, gíà ni yóò máa rí lọ́kàn ara rẹ̀, bí èyí tó tóbi ṣe ń yí èyí tó kéré, àti iye ìgbà tí ọ̀kan yóò yí kí èkejì tó yí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kọ èyí sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ kan tí ó jáde ní ọdún 1980, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú àlàyé náà ni pé kò ní kí a lọ ra gíà fún gbogbo ọmọ. Ó ní ìfẹ́ ni òun ní sí gíà wọ̀nyẹn, ìfẹ́ kò sì ṣeé gbé lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí ó fi yíjú sí kọ̀ǹpútà, nítorí pé kọ̀ǹpútà kò ní ìrísí kan pàtó: ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá fẹ́ràn ni ó lè sọ ọ́ dà. Lẹ́yìn tí ó ti bá Jean Piaget, onímọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú, ṣiṣẹ́ ní Geneva, ó lọ sí MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1967 sì ni òun, Wally Feurzeig àti Cynthia Solomon gbé Logo jáde, èdè tí ọmọdé lè fi pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní alábahun wọ inú Logo, tí ó ń fa ìlà bí ó ti ń rìn. (Ẹni tó bá gbọ́ àlọ́ dàgbà yóò máa retí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ lọ́wọ́ alábahun, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ní kí eléyìí ṣe gẹ́lẹ́ ni ó ń ṣe.) Bí ọmọ kò bá mọ àṣẹ tí yóò pa kí alábahun lè fa ìlà róbótó, wọn á ní kí ọmọ náà dìde, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín nílẹ̀, kí ó sì máa sọ ohun tí ó ń ṣe: mo rìn díẹ̀, mo yà díẹ̀, mo tún rìn díẹ̀. Bí ó bá ń yà ní dígírì kọ̀ọ̀kan, ìgbà 360 ni yóò fi padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Scratch, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn fún ọmọdé, tí Mitchel Resnick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde láti MIT ní ọdún 2007, ni mo ń lò pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Ọ̀fẹ́ ni, bí a bá sì ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Mo ní kí kálukú yan ohun èlò kan nílé wọn, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kì í yìn, kí ó yà á sí ojú kọ̀ǹpútà, kí ó sì jẹ́ kí ó máa ṣe ohun tí ó ń ṣe nílé bí a bá ti tẹ̀ ẹ́.

Ọmọbìnrin kan yan ọlọ. Ó ya ìyá ọlọ sísàlẹ̀, ó ya ọmọ ọlọ lé e lórí, ó tẹ̀ ẹ́, ni ọmọ ọlọ bá ń pòòyì. Ẹni tó jókòó tì í bú sẹ́rìn-ín: “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ ata nílé yín?” Ọmọ náà wò mí, ó ní, “Mi ò wo ọwọ́ wọn dáadáa rí, sà.” Nígbà tí a tún pàdé, ọmọ ọlọ rẹ̀ ti ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń falẹ̀ bí ó bá ń lọ síwájú, ó sì ń yára bí ó bá ń padà, nítorí pé ìgbà tí màmá àgbà bá ń tì í ni wọ́n ń lo agbára. Ó ti gba ohùn òkúta náà sílẹ̀. Ó tún ti rí ibì kan tó jin lára ọmọ ọlọ, tí àtẹ́lẹwọ́ òun kò bá mu, ó sì kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé: “Ọwọ́ màmá àgbà ló mú kó jin báyìí.”

Kò sí ibi tí Scratch ti bi í pé kí ni ọlọ jẹ́ sí i. Mo ti rí àwọn sọ́fítíwíà tí ó ń béèrè bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń gbé àwòrán ife tàbí bàtà síwájú ọmọdé, pé kí ó kọ bí ó ṣe rí lára rẹ̀ sínú àpótí kékeré kan. Ọmọ á kọ “ó dára”, á sì kọjá lọ. Lójú tèmi, ìbéèrè tí ẹlòmíràn ti ṣètò sílẹ̀ kì í ru ọmọdé sókè. Ohun tó mú ọmọbìnrin yẹn padà sí ilé ìdáná ni pé kọ̀ǹpútà kò mọ ọlọ rárá, òun ni yóò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un láti orí dé ìdí.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan mú ṣíbí, ó mú un jó, ijó náà dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan sọ nípa ṣíbí. Mo ní kí ó yan nǹkan mìíràn, ni ó bá yan jẹ́nẹ́rétọ̀ bàbá rẹ̀, àlàyé kò sì tán lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó lo àṣẹ tí ó ń mú nọ́ńbà láìròtẹ́lẹ̀, láti 1 dé 5, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ iye ìgbà tí okùn yóò di fífà kí ó tó dáhùn. Ó mọ ìró rẹ̀ nígbà tí epo bá fẹ́ tán. Ohun tí kò tíì rí yanjú ni ohun tí jẹ́nẹ́rétọ̀ yóò ṣe bí iná ìjọba bá dé lójijì, nítorí náà mo ní kí ó lọ wo bàbá rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú iná wá.