Kí Ni Ìlù Wọn Ń Wí?

Oṣù kẹrin ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mò ń ti ọjà bọ̀ ní Bergen, ìlú kan ní Nọ́rwèy, òjò ń ṣẹ́ wínniwínni bó ṣe máa ń ṣe níbí, ni mo bá gbọ́ ìlù láti ẹ̀yìn ilé. Kì í ṣe ti rédíò o. Ìlù gidi ni, tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù. Ara mi bù máṣọ. Mo gbé àpò kalẹ̀, mo tẹ́tí, mo ń wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ta ni wọ́n ń kì? Àbí òwe ni wọ́n ń pa? Àwọn ọmọkùnrin bí ogún yọ ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ lọ́rùn, àwọn kan gbé ìbọn onígi léjìká, àwọn tó wà níwájú so ìlù mọ́ ìbàdí. Wọ́n kọjá lọ. Ìlù náà ò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń ka ẹsẹ̀ fún wọn ni.

Buekorps ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ àwọn ọmọ yìí. Láti àwọn ọdún 1850 ni wọ́n ti wà ní Bergen, àdúgbò àdúgbò sì ni wọ́n fi ń dá a sílẹ̀. Bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìlù wọn ni èèyàn á fi mọ̀. Àwọn kan máa ń ráhùn pé ariwo rẹ̀ pọ̀. Èmi ò jẹ́ ráhùn.

Mo bi olùkọ́ èdè mi léèrè bóyá ìlù wọn ti fọhùn rí. Ó ní rárá. Ó yà mí lẹ́nu, torí èdè wọn náà ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ díẹ̀. «Bønder» ni àwọn àgbẹ̀, «bønner» ni ẹ̀wà. Ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn, bí ohùn ṣe ya ọkọ́ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀ lẹ́nu tiwa. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ tó ohun tí èèyàn lè gbé lé ìlù lọ́wọ́.

Ní Yemẹtu tí wọ́n bí mi sí n'Íbàdàn, orin kì í dúró de ẹni kó wá a wá. Nínú oṣù Ààwẹ̀, àwọn oníwéré ló ń jí wa fún sààrì, àní àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tí kò gbààwẹ̀. (Inú wéré yìí náà ni Síkírù Àyìndé Barrister ti yọ fújì.) Tó bá di Sátidé, wọ́n á ta tapólì sójú títì, wọ́n á to sípíkà léra, mọ́tò ò ní lè kọjá mọ́. O fẹ́ o, o kọ̀ o, òde ti wọlé tọ̀ ẹ́ wá. Onílù tí ò rí ẹ rí á ti bi ẹnìkan léèrè orúkọ bàbá rẹ, kí o sì tó rí àga jókòó, ìyáàlù ti gbé e sẹ́nu. Ọwọ́ á kan àpò. Owó á lẹ̀ mọ́ iwájú orí onílù.

Ní Bergen, ìwọ lo máa wá orin lọ. Ìwé òfin ilé tí à ń gbé wà lára ògiri nísàlẹ̀: bí aago mọ́kànlá alẹ́ bá ti lù, kí kálukú dákẹ́. Ọjọ́ Àìkú kan tí mò ń ro àmàlà, mo yí orin sókè díẹ̀, ará ilé kejì rọra kanlẹ̀kùn, ó bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́. Kò bínú, kò sì pariwo. Ó dùn mí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Grieghallen ló wò mí sàn. Edvard Grieg, akọrinsílẹ̀ tí wọ́n fi sọ gbọ̀ngàn náà, ọmọ Bergen ni, ọdún 1843 ni wọ́n bí i. Ní ìparí oṣù karùn-ún, wọ́n máa ń ṣe Festspillene, ọdún orin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1953, ọ̀rẹ́ mi kan sì fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì. Dùùrù àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ gòjé òyìnbó. Nígbà tí apá kìíní parí, mo ti gbọ́wọ́ sókè kí n pàtẹ́wọ́; kò sẹ́ni tó pàtẹ́. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Èèyàn tó ju ẹgbẹ̀rún kan, mo sì ń gbọ́ bí obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi ṣe ń mí. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ onílù wọn lórí.

Oṣù keje, a lọ sí Førde, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún orin ìbílẹ̀ láti 1990. Ibẹ̀ ni mo ti fojú kan hardingfele. Ó jọ fayolíìnì, ṣùgbọ́n wọ́n fi àwọ̀ dúdú ya òdòdó sí i lára, wọ́n gbẹ́ orí ẹranko sí i lọ́rùn. Okùn mẹ́rin ló wà lókè tí ọ̀pá ń fà. Okùn mẹ́rin tàbí márùn-ún tún wà lábẹ́ tí nǹkan kan ò kàn. Bí tòkè bá ti dún, tìsàlẹ̀ á máa dá a lóhùn fúnra rẹ̀. Lílé àti ègbè nínú igi kan ṣoṣo! Ọkùnrin tó ń ta á ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ojú rẹ̀ wà ní dídì. Wọ́n sọ fún mi pé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́sìn kan pè é ní ohun èlò èṣù, wọ́n sì dáná sun àwọn kan nínú wọn. Mo rántí pé màmá mi àgbà sọ pé ní ìgbà èwe àwọn, dùndún ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òkùnkùn dé. Ní oṣù kejìlá, orin Kérésì gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ 13, àwọn ọmọ ilé ìwé wọ aṣọ funfun, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n kọrin Lucia. Ní ọjọ́ 24, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún káàkiri, lẹ́yìn náà kálukú wọlé, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń yí igi Kérésì po pẹ̀lú orin. Ojú títì dá páropáro. Ọjọ́ yẹn ni àárò ilé sọ mí jù.

Ọjọ́ 6 oṣù kejì ni ọjọ́ àwọn Sámi, àwọn tí ilẹ̀ wọn wà ní àríwá. Obìnrin àgbàlagbà kan dìde láàrin wa, kò sí ìlù, kò sí gòjé, ó kan la ẹnu. Joik ni wọ́n ń pe orin náà. Ó ṣàlàyé fún wa pé wọn kì í fi joik kọrin nípa èèyàn: èèyàn náà gan-an ni joik. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún ló ni ín, kì í ṣe ẹni tó ṣe é. Omi bọ́ lójú mi. Oríkì mà ni! Ìjọ bá àwọn náà jà lórí rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, síbẹ̀ kò parun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní Nọ́rwèy tí mo gbọ́ orin tó mọ orúkọ èèyàn.

Kó tó dìgbà yẹn, Àjàní ọmọ mi ti wọ korps, ẹgbẹ́ afunfèrè ilé ìwé rẹ̀, fèrè idẹ ni wọ́n fún un. Bẹ́ẹ̀ ni àwa òbí ṣe di ọlọ́jà. Èmi pẹ̀lú bàbá ọmọ kan jọ ru tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, a ta aṣọ àlòkù, a yan wáfù, kí korps lè rówó. Dugnad ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá mọ ọ̀wẹ̀ kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣe òfin ìlú wọn ní 1814, ọjọ́ yẹn ló jọ Ojúde Ọba jù. Aṣọ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bunad, o lè fi mọ àgbègbè tí èèyàn ti wá. Òjò ń rọ̀. Buekorps kọjá, ìlù wọn ń ka ẹsẹ̀. Mo pe Màámi lórí WhatsApp kí wọ́n lè rí ọmọ ọmọ wọn. Korps rẹ̀ yọ, omi ń kán lára fìlà rẹ̀, ojú rẹ̀ ò yà kúrò níwájú.

«Kí ni wọ́n ń fi fèrè yẹn wí?»

«Orin ìlú wọn ni, Màámi.»

«Wọn ò pe orúkọ rẹ̀ níbẹ̀?»

«Wọn kì í pè é, Mà.»

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. «Gbé fóònù sún mọ́ ọn.»

Ni wọ́n bá gbé e: «Àjàní! Àjàní ọkọ mi!» Mo sáré tẹ̀lé ọ̀wọ́ wọn lẹ́bàá títì, mo na fóònù síwájú nínú òjò, Màámi ò sì dẹ́kun kíkì í títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀.