Ọfà Tó Kọjú sí Ìkàrẹ́

Àkúrẹ́, alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ohun tí àbúrò mi ń kọ sórí fóònù kò le lójú: kí ọfà kékeré kan máa tọ́ka sí ìlú téèyàn ń lọ. Lónìí ó yan Oǹdó, ọfà sì kọjú sí ìhà Ìkàrẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò ó, máàpù yìí ti ya wèrè."

Agbèrò wo ló máa ti èrò Oǹdó sínú ọkọ̀ Ìkàrẹ́? Ìṣirò nìkan ló lè dán irú ẹ̀ wò. Mo ní kó ka nọ́ńbà fún mi. Àkúrẹ́ wà ní nǹkan bíi dígírì 7.25 níhà àríwá, 5.20 níhà ìlà-oòrùn, Oǹdó, 7.10 àti 4.83. Yọ ti Àkúrẹ́ kúrò: −0.15 àti −0.37. Máínọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ń wí pé gúúsù, èkejì ń wí pé ìwọ̀-oòrùn. Àbúrò mi fi −0.37 pín −0.15 kó tó gbé e fún atan, ìṣirò tó ń sọ èsì pípín di igun. Máínọ́ọ̀sì méjèèjì pa ara wọn rẹ́, ó ku 0.41, igun rẹ̀ sì jẹ́ dígírì 22 láti ìlà-oòrùn sókè. Ìhà Ìkàrẹ́ gan-an nìyẹn.

Atan2, ẹ̀dà atan mìíràn, kì í pín wọn pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lèèyàn ń kó nọ́ńbà méjèèjì fún un, ti òkè-sódò ṣáájú, á sì wo àmì ara wọn. Ó dá −2.76 padà, rédíánì nìyẹn, ìwọ̀n igun tí kì í ṣe dígírì. Sọ ọ́ di ìlọ́po 180, fi π pín in, ó di dígírì −158.

Ọfà tiẹ̀ ń wo òkè kó tó yí, ó sì ń yí bí ọwọ́ aago. Atan2 ń kà láti ìlà-oòrùn, òdì-kejì aago. Nítorí náà a yọ −158 kúrò nínú 90, ó di 248. Ọfà yí, ó kọjú sí Oǹdó.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Ọ̀wọ̀ ló ti fi ń dán an wò látẹ̀yìn. Ìlà-oòrùn wa ni Ọ̀wọ̀ wà, apá ibẹ̀ sì ni atan lásán kì í ti í ṣìnà. Ó dájú pé kò ní í rí nǹkan kan!

Ó ti ń bèèrè London báyìí. Lọ́dọ̀ wa níbí, dígírì kan sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó dígírì kan sókè, torí a kò jìnnà sí agbedeméjì ayé. Ní London, ti ẹ̀gbẹ́ kò ju nǹkan bíi 0.62 ti òkè lọ, ìṣirò wa yìí á sì ṣìnà níbẹ̀. Mo ní kó lọ sùn.