Ẹ̀rí Ìdúpẹ́ Mi Lórí Àwọn Ọ̀rẹ́ Tí Ọkọ̀ Akẹ́rù Fún Mi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìdí nìyí tí mo fi jáde ní gbangba láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Olódùmarè tó dá ẹ̀mí mi sí, àti lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi tí ìfẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ so mọ́ mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì fojú kàn mí rí títí di òní.

Ohun tó pa wá pọ̀ kò ju ọkọ̀ lọ. Bí ẹnìkan bá rí Bedford tí wọ́n fi pákó kan ara rẹ̀, irú èyí tí àwọn òbí wa ń pè ní bọ́lẹ̀kájà, yóò ya àwòrán rẹ̀ fún wa. Bí ẹlòmíràn bá rí Leyland tí wọ́n tò pọ̀ n'Íbàdàn, àríyànjiyàn yóò bẹ̀rẹ̀ lórí ọdún tó jáde. Ṣùgbọ́n Mercedes 911 ni olórí gbogbo wọn lójú wa, ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ń sọ ìwọ̀n tọ́ọ̀nù 9, ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù, àti agbára ẹṣin 110, tó gbé kòkó, iṣu àti pákó la ilẹ̀ Yorùbá já, tí ẹ́ńjìnnì OM 352 onípísítìnì mẹ́fà tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn sì ṣì ń dún lójú ọ̀nà wa.

Ibà ni àìsàn náà fi bẹ̀rẹ̀. A rò pé oògùn yóò lé e lọ, àfi bí ìtọ̀ mi ṣe yí dúdú, tí ara mi wú, tí n kò sì lè dìde mọ́. Dókítà ṣàlàyé fún ìyàwó mi pé ibà náà ti ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ inú ara mi, ó sì ti ba kíndìnrín mi jẹ́ débi pé wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ ni yóò máa bá mi fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, nǹkan bí wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, títí kíndìnrín yóò fi jí padà, bó bá jẹ́ pé yóò jí. Owó rẹ̀ nìkan tó láti kó odindi ìdílé sí gbèsè. Èyí tó tún le jù ni pé ẹ̀jẹ̀ ń tán lára mi, oríṣi O négátíìfù sì ni tèmi. Ẹni tó ni irú rẹ̀ lè fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tó ní irú rẹ̀ nìkan ló ti lè gbà, wọn kò sì pọ̀ nílẹ̀ wa.

Lóru ni ìyàwó mi fi fóònù mi ké sí àwọn ọ̀rẹ́ mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ń pe ara wọn láti Ìlọrin dé Abẹ́òkúta, wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri bí ẹni ń wá pátì tó ṣọ̀wọ́n. Awakọ̀ tírélà kan nínú wọn ń gbé sìmẹ́ǹtì láti Ewékorò lọ sí Ìlọrin nígbà tó gbọ́. Ó gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ní Òjòó, n'Íbàdàn, ó ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ máa ṣọ́ ọ, ó sì gun ọ̀kadà wá sí ọsibítù pẹ̀lú aṣọ tí sìmẹ́ǹtì ṣì kún. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó bá tèmi mu, wọ́n sì gbà á. Nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ pé kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ ńlá lọ́jọ́ náà, ó pe ọ̀gá tó ni ọkọ̀, ọ̀gá náà, tí kò mọ̀ mí rárá, sì ní kó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Àlàájì kan wà ní Ṣakí, àgbà ni wọ́n láàárín wa. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣa pátì jọ kí wọ́n lè gbé 911 tí bàbá wọn fi sílẹ̀ dìde padà. Gíábọ́ọ̀sì tí wọ́n ti rà pamọ́ fún un ni wọ́n tà, wọ́n fi gbogbo owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó mi, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kó má sọ fún mi títí ara mi yóò fi yá. Mo mọ ohun tí gíábọ́ọ̀sì yẹn jẹ́ fún wọn, nítorí mo ti rí àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ tán, lórí ẹní, nínú yàrá wọn. Ẹni tí kò fẹ́ràn ọkọ̀ lè pè é ní irin lásán. Ẹ̀mí mi ni wọ́n fi rà.

Àwọn wákàtí tí mo fi ń dùbúlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, tí rọ́bà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sínú ẹ̀rọ wà lọ́rùn mi, ló gùn jù. Àwọn ọ̀rẹ́ mi mọ̀ pé n kò lè tẹ fóònù, nítorí náà wọ́n ń gba ìró ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ fún mi: 911 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná sí láàárọ̀, tí yóò kọ́kọ́ wúkọ́ kó tó fara balẹ̀, tírélà tó ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Ìyàwó mi á gbé fóònù sétí mi, èmi á rọra dárúkọ ọkọ̀ náà, òun á sì tẹ ìdáhùn mi ránṣẹ́. Ọmọ Yorùbá kan tó ń wa tírélà Freightliner ní Texas, l'Amẹ́ríkà, kì í jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi kọjá láìfi tirẹ̀ ránṣẹ́.

Nígbà tó yá, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì ń mọ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé kíndìnrín ti ń jí, wọ́n dín ẹ̀rọ kù, wọ́n sì dá a dúró pátápátá. Ògo ni fún Ọlọ́run.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì, lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àti lọ́wọ́ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò bá tèmi mu, síbẹ̀ tí wọ́n fi í sílẹ̀ fún aláìsàn mìíràn. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, owó tó ṣẹ́kù nínú èyí tí ẹ dá fún mi, gbogbo wa ti fohùn ṣọ̀kan pé gíábọ́ọ̀sì mìíràn ni a ó fi rà fún Àlàájì. Mẹkáníìkì wa ní Ìlọrin ti rí ọ̀kan tí eyín rẹ̀ pé. Àlàájì, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe kọ̀ ọ́.