Kí ẹ tó bi dókítà orí fóònù nípa ọmọ tí kò tètè dé

"Ẹ kú iṣẹ́ dókítà, ọdún méjì rèé tí a ti ṣègbéyàwó, kò tíì sí nǹkan. Kí ni kí n lò?" Bí ìbéèrè ṣe sábà máa ń wọlé nìyẹn, ó sì máa ń dunni, torí kò sí dókítà tó mọṣẹ́ tó lè dáhùn rẹ̀. Ẹni tó wà lórí fóònù kò lè tẹ ikùn yín wò. Ohun tí ẹ bá kó síwájú rẹ̀ nìkan ló ní. Ẹni tó bá gbọ́ gbólóhùn kan yẹn tó sì dárúkọ oògùn lójú ẹsẹ̀, ẹ sá fún un.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí. Bí ìyàwó kò bá tíì pé ọdún 35, tí ẹ sì ti ń bá ara yín lò pọ̀ déédéé fún ọdún kan láìlo ìfètòsọ́mọbíbí, àsìkò àyẹ̀wò ti tó. Bó bá ti pé 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù mẹ́fà ni. Bí nǹkan oṣù bá ń ṣe ségesège, ẹ má dúró rárá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó kéré tán fún oṣù mẹ́ta. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹyin máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó ń rí tirẹ̀ ní ọjọ́ 28-28, ọjọ́ 14 bá a mu. Ẹni tó ń rí tirẹ̀ ní ọjọ́ 35-35, ọjọ́ 21 ni tirẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní progesterone, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹyin jáde, ọjọ́ 7 ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀ ló yẹ kí wọ́n ṣe é. Bí ẹni ọjọ́ 35 bá lọ ṣe é ní ọjọ́ 21 torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, àbájáde á ní ẹyin kò jáde, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn gan-an ló ń jáde. Látorí irọ́ kékeré yìí ni àwọn kan ti ń lọ ra Clomid, oògùn tó ń mú kí ẹyin jáde, jẹ láìsí ẹni tó fi síkáànù wo inú wọn.

Ẹ̀yin ọkọ ńkọ́? Àyẹ̀wò àtọ̀ kò wọ́n tó àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún obìnrin, kì í dunni, síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń fi sẹ́yìn títí ìyàwó á fi lọ yíká ilé ìwòsàn mẹ́ta. Òun ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ má bá obìnrin sùn, ẹ má sì da àtọ̀ lọ́nà mìíràn, fún ọjọ́ 2 sí 7 ṣáájú. Ọwọ́ ni kí ẹ fi gbà á, sínú ike ẹlẹ́nu gbòòrò tí láàbù fún yín. Ẹ má lo itọ́, ọṣẹ tàbí kóńdọ̀mù lásán. Gbogbo wọn ló ń pa sípáàmù, ìyẹn irúgbìn ọmọ tó wà nínú àtọ̀, lára. Bí ẹ̀kán àkọ́kọ́ bá ta dànù, ẹ sọ fún wọn kí ẹ sì tún un ṣe ní ọjọ́ mìíràn, torí inú ẹ̀kán àkọ́kọ́ ni sípáàmù pọ̀ sí jù. Bí ẹ bá gbà á nílé, ó gbọ́dọ̀ dé láàbù láàárín wákàtí kan. Ẹ tì í bọ abẹ́ aṣọ kó má tutù. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì.

Nínú ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2021, ìwọ̀n tó kéré jù tí ó bójú mu ni àtọ̀ mílílítà 1.4, sípáàmù mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan, ìdá 42 nínú 100 wọn tó ń mira, àti ìdá 4 péré nínú 100 tí ìrísí wọn pé. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń rí "4%" yẹn, ọkàn wọn á sì domi. Kò sí ewu níbẹ̀. Bí àbájáde bá burú, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí sípáàmù máa ń gbà tó oṣù méjì ààbọ̀ kó tó gbó. Ibà tó gbóná gan-an lóṣù tó kọjá lè fara hàn nínú àtọ̀ òní.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ jíìmù, ẹ sọ òótọ́ nípa abẹ́rẹ́ tí ẹ ń gbà kí iṣan lè yọ. Testosterone, èròjà ọkùnrin tó wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn, tó bá ti ìta wọlé máa ń jẹ́ kí ọpọlọ rò pé ó ti tó, á sì dẹ́kun àṣẹ tó ń rán sí ẹpọ̀n. Àyà á tóbi, sípáàmù á gbẹ, nígbà mìíràn pátápátá. Bí ẹ bá dá a dúró, ó lè gba oṣù mẹ́fà sí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó padà. Dókítà tí kò bá mọ̀ nípa abẹ́rẹ́ yìí á máa wá ohun tí kò sọnù.

Ọ̀rọ̀ "staph", kòkòrò tí àwọn kan ń sọ pé òun ni kì í jẹ́ kí ọmọ dé, náà ń bí wa nínú. Orí awọ ara ni kòkòrò yẹn ń gbé. Bí ẹ kò bá fọ ọwọ́ àti nǹkan ọmọkùnrin dáadáa kí ẹ tó gba àtọ̀, ó lè bọ́ sínú ike, láàbù á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Owó ńlá ti bá àgbo àti abẹ́rẹ́ lọ lórí rẹ̀. Bákan náà ni ti àtọ̀ tó ń ṣàn jáde lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tí àwọn kan rò pé kì í jẹ́ kí oyún dúró: bó ṣe ń rí fún gbogbo obìnrin nìyẹn, èyí tó máa wọlé ti wọlé.

Ẹ béèrè orúkọ dókítà náà ní kíkún, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó wà lórí ìwé Medical and Dental Council of Nigeria, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀.

Méjì wà tí a kì í béèrè lórí fóònù. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti pẹ́ kó tó wá, tí ikùn ń dùn ún lápá kan, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀: oyún lè ti dúró síta ilé ọmọ, ó sì lè bẹ́. Ọkùnrin tí ẹpọ̀n rẹ̀ kan ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún gan-an: ó lè ti lọ́ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì dé ibẹ̀ mọ́. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ni wọ́n ní láti fi gba ẹpọ̀n náà là. Ẹ gbéra lọ sílé ìwòsàn, kódà bó jẹ́ òru.