Àwo kan tó burú: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa orúkọ ẹgbẹ́ progressive rock

Àwa tí à ń gbọ́ progressive rock, irú orin rọ́ọ̀kì tó máa ń gùn, tí ìlù rẹ̀ sì díjú, láti Kabba títí dé Isanlu, a ò lè kún bọ́ọ̀sì kan. Ṣùgbọ́n orin tó gba ojú àwo kan látòkè délẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbí. Àwo Sunny Ade àti ti Obey ni àwọn bàbá wa fi ń ṣọdún, ti Fela náà sì wà ńlẹ̀ tí orin kan ń jẹ ojú kan tán. Nítorí náà, tí àwọn ọmọ tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì bá bi mí bí àwo kan ṣoṣo ṣe lè ba orúkọ ẹgbẹ́ jẹ́, ibi tí jùjú ti yàtọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fi hàn wọ́n.

Olórin jùjú, òde àríyá ló ń gbé orúkọ rẹ̀ ró. Bí àwo bá kùtà, tó bá dé òde lọ́jọ́ Sátidé, tó ki àwọn èèyàn bó ṣe yẹ, tí wọ́n náwó fún un, ọ̀rọ̀ àwo ti tán nìyẹn. Ilé iṣẹ́ agbáwojáde Island gbé àwo Aura tí Sunny Ade ṣe jáde ní 1984, Stevie Wonder fọn hàmóníkà sí i, kò tà tó bí wọ́n ṣe rò, ni wọ́n bá já a sílẹ̀. Nílé níbí ńkọ́? Ó ṣáà ń ṣeré rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ progressive rock kò ní irú òde bẹ́ẹ̀. Àwo ni òde tiwọn. Àwọn tó ń gbọ́ wọn máa ń jókòó tì í, wọ́n á máa ka ìlù ní méje-méje, wọ́n á mọ ẹni tó ta básì, wọ́n á mọ ìṣẹ́jú tí kíbọ́ọ̀dù wọlé. Irú olùgbọ́ yìí kì í tètè gbàgbé.

Ọ̀nà méjì ni àwo ń gbà burú, ìyà wọn kò sì dọ́gba. Èyí kan fẹ́ gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Èkejì, wọ́n ṣe é kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ àdéhùn. Èkejì yìí ló ń pani.

Ẹ mú ti ẹgbẹ́ Yes ní December 1973, Tales from Topographic Oceans. Àwo méjì, ojú mẹ́rin, orin mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ojú àwo fáínílì kan kì í gbà ju bí ìṣẹ́jú 22 lọ kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ pọ̀ ju àwo kan lọ, kò sì tó méjì, ni wọ́n bá bu omi là á. Rick Wakeman tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bí òun ṣe jẹ kọ́rì, oúnjẹ àwọn ará Íńdíà, lórí pèpéle ní Manchester nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́. Ó kúrò ní 1974. Síbẹ̀ àwo náà gba ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ náà sì ń bá iṣẹ́ lọ, àwọn olólùfẹ́ wọn ṣì ń jà lé e lórí dòní. Èèyàn kì í jà lórí ohun tó ti kú.

Love Beach ti Emerson, Lake & Palmer, ní 1978, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n ti kó akọrin ọ̀kẹ́strà kiri lọ́dún tó ṣáájú, owó ti lọ síbẹ̀, Atlantic, ilé iṣẹ́ agbáwojáde wọn, sì ń retí àwo kan sí i lọ́wọ́ wọn. Ẹ wo fọ́tò iwájú rẹ̀: ọkùnrin mẹ́ta létí òkun, wọ́n ṣí bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì, àyà wọn wà níta, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń polówó òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn yìí náà ni ayàwòrán H. R. Giger ya iwájú àwo Brain Salad Surgery fún ní 1973! Ẹni tó bá gbé méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ti dá ẹjọ́ kí abẹ́rẹ́ tó kan àwo. Orin gígùn tó wà lójú kejì kò burú, tèmi ni kí n sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa dé ibẹ̀? Ẹgbẹ́ tú ká ní 1979, ó sì di 1992 kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó tún jùmọ̀ gbé àwo tuntun jáde.

Ti ẹgbẹ́ Genesis ní 1997 kò gba àlàyé púpọ̀: Phil Collins tó ń kọrin fún wọn lọ, Ray Wilson rọ́pò rẹ̀, àwo Calling All Stations kò tà ní Amẹ́ríkà, wọ́n wọ́gi lé ìrìnàjò orin wọn níbẹ̀. Ẹ má fi olórin tuntun àti àwo tó dà bí omi lásán dán àwọn èèyàn wò lẹ́ẹ̀kan náà.

Tí ẹ bá ń múra àwo tiyín, kí ẹ tó wọ stúdíò, ẹ kọ gbogbo orin náà níwájú èèyàn. Kí ẹnì kan di fóònù mú, kó kọ ìṣẹ́jú tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn sílẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó gé. Tí ẹ bá ní ìṣẹ́jú 60, ẹ gbé 42 jáde. Ẹ gba ìlù àti básì sílẹ̀ papọ̀, kí mítà ohùn má kọjá -6 dB, nítorí ohùn tó bá ti fọ́ nígbà tí ẹ ń gbà á, kò rọrùn láti tún un ṣe. Ohùn ẹnu ni kó kẹ́yìn, lóru tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti sùn. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wà lórí ínfátà. Iná tó lọ láàárín orin oníṣẹ́jú 14 lè mú gbogbo rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wá gbọ́ ọ nínú mọ́tò lójú ọ̀nà Obajana, ẹ tún gbọ́ ọ lórí fóònù lásán. Bí básì bá pòórá lórí fóònù, ẹ padà sídìí iṣẹ́.

Bí ẹ bá sì tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, ẹ ka iye àwo tí ẹ jẹ ẹ́. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún méjì, ẹ má gba márùn-ún.

Tó bá ti burú ńkọ́? Ẹgbẹ́ Rush ni kí ẹ wò. Àwo wọn, Caress of Steel, kùtà ní 1975, àwọn fúnra wọn pe ìrìnàjò orin ọdún náà ní Down the Tubes, ìyẹn ni pé nǹkan ti bàjẹ́, ilé iṣẹ́ wọn sì ń fẹ́ orin kúkúrú. Ní 1976 wọ́n fi orin oníṣẹ́jú 20 bẹ̀rẹ̀ àwo tí wọ́n pè ní 2112, wọ́n kó àwọn kúkúrú sójú kejì, àwo náà sì tà. Wọn ò tọrọ àforíjì, wọn ò gbé àkójọ orin àtijọ́ jáde láti fi bo ìtìjú. Ẹgbẹ́ Dream Theater náà rí irú rẹ̀: ilé iṣẹ́ wọn da ọwọ́ ẹlòmíràn pọ̀ mọ́ orin wọn ní 1997, wọ́n dáhùn pẹ̀lú àwo Scenes from a Memory ní 1999.

Lórí pèpéle, ẹ yan orin kan ṣoṣo nínú àwo tó burú náà, èyí tó sàn jù, kí ẹ kọ ọ́ ní ìkẹta, láìsọ̀rọ̀ lé e. Bí ẹnì kan bá pariwo pé òun ń fẹ́ ti àtijọ́, ẹ kọ ọ́ fún un ní ìkẹrin.