Àyẹ̀wò Ọdún Mi: Owó Tí Mo Ná sí Grenada

Ẹ kú ìparí ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tí oṣù Kejìlá bá ti ń lọ sópin báyìí, mo máa ń jókòó ti ìwé ìnáwó mi kí n lè wo ibi tí owó gbà lọ. Iṣẹ́ wà bó ṣe wà: wọn ò fi kún owó oṣù mi, wọn ò sì dá mi dúró. Ara le. Owó ilé ní London, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Èyí tí mo rí nínú ìwé náà tí mo rẹ́rìn-ín músẹ́ ni owó tí mo fi lọ lo ìsinmi ní Grenada.

Òkè ayọnáyèéfín ló ṣẹ̀dá erékùṣù yìí nínú òkun Kàríbíà. Kò tóbi. Tí ẹ bá pa á pọ̀ mọ́ Carriacou àti Petite Martinique, àwọn erékùṣù kéékèèké tó jẹ́ tirẹ̀, kò ju kìlómítà 344 níbùú lóròó. Yanrìn funfun etíkun Grand Anse ni wọ́n sábà fi ń polówó rẹ̀, etíkun náà sì dáa, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé Grenada tó jókòó sí Grand Anse títí tó fi padà sílé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò tíì wọlé.

Orí òkè ni nǹkan wà. Bọ́ọ̀sì kékeré tó ń ti St George's, olú ìlú Grenada, lọ sí Grenville ló gbé mi dé Grand Etang. Orin ń dún kíkankíkan, kọ̀ńdọ́ ń fún wa mọ́ra, ẹni tó bá sì fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ á kan ara ọkọ̀ kó kó. Adágún omi ni Grand Etang, ó wà nínú ihò òkè ayọnáyèéfín tó ti kú, ní nǹkan bíi mítà 530 sókè òkun. Kùrukùru bò ó, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì tutù débi tí mo fi wọ súwẹ́tà. Ní Kàríbíà!

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọ̀bọ mona kan lórí irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí rúsúrúsú, ikùn rẹ̀ funfun, àmì funfun roboto sì wà lọ́tùn-ún lósì ìdí ìrù rẹ̀. Irú ọ̀bọ yìí gan-an ló ń fò lórí igi ní Lekki Conservation Centre ní Èkó. Láyé òwò ẹrú ni ọkọ̀ òkun kó àwọn babańlá wọn kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mo kí i ní Yorùbá. Ó wo ọwọ́ mi bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì kẹ̀yìn sí mi.

Kò jìnnà síbẹ̀ lọ̀nà Seven Sisters wà, omi méje tó ń já tẹ̀ léra wọn nínú igbó. Ọ̀nà gba inú oko olóko, ẹ máa sanwó ìwọlé, wọ́n á sì fi ọ̀pá lé yín lọ́wọ́. Ẹ gbà á o! Ẹrẹ̀ ibẹ̀ á bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ àgbà. Ọmọ Iléṣà ni mí, nígbà tí mo gbọ́ ìró omi yẹn, Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ló sọ sí mi lọ́kàn, tòun ti ìpele méje rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì jùyẹn lọ. Lọ́dún 1849, wọ́n kó àwọn èèyàn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò ẹrú wá sí Grenada, Ìjẹ̀ṣà sì wà lára wọn. Wọ́n tẹ̀dó sí Munich àti Concord, ìsìn Ṣàǹgó sì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Concord ni mo gbà lọ. Omi tó ń já wà níbẹ̀ náà. Àkọ́kọ́ wà lẹ́bàá títì, àwọn àlejò sì pọ̀ síbẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ gba inú oko nutmeg lọ sí èkejì, Au Coin. Mo wẹ̀ níbẹ̀ títí ìka mi fi hunjọ.

Annandale, omi mìíràn tó ń já, ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èrò ọkọ̀ òkun ló kún ibẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń bẹ́ láti òkè sínú omi gba owó.

Ní Molinere, létí òkun, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì afẹ́fẹ́, mo dojú bolẹ̀ lórí omi. Àwọn ère tí oníṣẹ́ ọnà Jason deCaires Taylor bẹ̀rẹ̀ sí í gbé síbẹ̀ lọ́dún 2006 wà nísàlẹ̀: àwọn ọmọdé tó di ara wọn lọ́wọ́ mú yíká, iyùn òkun sì ti hù sí wọn lójú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Lọ́dún tó ń bọ̀, Carriacou ló kàn. Ìjì Beryl ba ibẹ̀ jẹ́ gan-an ní July 1, 2024, owó àlejò sì wúlò fún wọn. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ síbẹ̀ máa ń yà fún Kick 'em Jenny, òkè ayọnáyèéfín abẹ́ omi tó bú gbẹ̀yìn lọ́dún 2017. Mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ká jọ lọ, kó tètè sọ, kó sì ra bàtà tó ṣe é fi rin ẹrẹ̀, nítorí a máa kọ́kọ́ padà sí Seven Sisters.