Dísìkì àwòrán ṣọ́ọ̀bù Màmá: kó máa jáde fúnra rẹ̀

Sátidé

Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù Màmá n'Íjẹ̀bú-Òde ni mo dojú kọ báyìí. Debian, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, ló wà nínú dísìkì kékeré. Dísìkì ńlá ni mo kó àwòrán Ojúde Ọba sí, regbẹ́regbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú fódà tiẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin lọ́tọ̀. Télọ̀ ni Màmá. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, àwòrán wọ̀nyí làwọn oníbàárà fi ń yan irú bùbá àti agbádá tí wọ́n máa wọ̀ lọ sójúde ní ọjọ́ kẹta ọdún.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí iná bá lọ tó dé, dísìkì ńlá kì í jáde àfi kéèyàn tẹ̀ ẹ́, kó tún kọ páswọ́ọ̀dù. Ṣágámù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Màmá á pè: "Ọmọ mi, àwọn àwòrán yẹn tún ti sá lọ o."

Fáìlì /etc/fstab ló ń sọ ohun tó máa jáde nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tan. Mo kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́, mo dá fódà /mnt/aworan sílẹ̀, mo wá fi ìlà yìí sí i (/dev/sdb1 ni orúkọ pátíṣọ̀n, ìyẹn apá dísìkì ńlá tí àwòrán wà):

/dev/sdb1 /mnt/aworan ext4 defaults 0 2

Mo tẹ sudo mount -a, àṣẹ tó ń mú ohun tó wà nínú fstab jáde, àwòrán jáde. Inú mi dùn, mo padà sí Ṣágámù.

Mọ́ńdè

Màmá ní òun ṣí fódà, bin, etc, home àti usr lòun rí. Ọkàn mi kọ́kọ́ já. Àṣé dísìkì méjèèjì, sda àti sdb, ti pààrọ̀ orúkọ láàárọ̀ ọjọ́ náà! Bí kọ̀ǹpútà bá ṣe ń rí dísìkì ló ń sọ wọ́n lórúkọ, ìkan lè ṣáájú èkejì. Debian fúnra rẹ̀ ló wá jókòó sáàyè àwòrán.

Sátidé kejì

UUID, àmì ìdánimọ̀ pátíṣọ̀n, ni ojútùú rẹ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ sára pátíṣọ̀n nígbà tí wọ́n bá fọ́mátì rẹ̀, kì í sì í yí padà bí dísìkì bá pààrọ̀ orúkọ. Mo fi lsblk -f wò ó, mo sì fọwọ́ da á kọ sínú fstab ní ipò /dev/sdb1. Àmì 36 ni, pẹ̀lú dáàṣì mẹ́rin. Mo kọ b níbi tó yẹ kó jẹ́ 8, n kò sì tẹ mount -a kí n tó pa kọ̀ǹpútà, kí n tún un tàn.

Kọ̀ǹpútà dúró. Ó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá, ó ń wá dísìkì tí kò sí láyé, títí ó fi pé 90. Ló bá bọ́ sójú dúdú tó ń béèrè páswọ́ọ̀dù root, ìyẹn ọ̀gá kọ̀ǹpútà. Màmá dúró lẹ́yìn mi, tépù lọ́rùn wọn, wọn ò sọ̀rọ̀. Mo wọlé, mo fi nano, ètò ìkọ̀wé, tún lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn ṣe. Mo tún wá fi ohun tó yẹ kí n ti fi sí i látìbẹ̀rẹ̀ kún un:

defaults,nofail,x-systemd.device-timeout=10

10 yẹn ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tó máa fi wá dísìkì. Pẹ̀lú nofail, bí dísìkì yẹn bá kọ̀, Debian á máa bá tiẹ̀ lọ. Lójú tèmi, gbogbo dísìkì tí kọ̀ǹpútà lè tan láìsí ló yẹ kó ní in. Kí n tó tún un tàn, mo tẹ findmnt --verify, tó ń yẹ fstab wò. Kò rí àṣìṣe kankan.

Wẹ́sìdé

Iná lọ lọ́sàn-án, ó dé. Màmá pè: "Wọ́n ti jáde o, èmi ò fọwọ́ kan nǹkan kan." Ó ku dísìkì tí mo fẹ́ máa fi ṣe ẹ̀dà àwòrán. Noauto ni mo máa fún ìyẹn, n kò fẹ́ kó máa jáde fúnra rẹ̀.